Ẹ Má Bínú, Ẹ Jẹ́ Kí N Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ń fọwọ́ kan ìbọn lójoojúmọ́, n kò sì yìn ín sí èèyàn tàbí ẹranko rí. Bébà ni mo ń yìn ín sí, bébà funfun tí wọ́n ya òbìrìkìtì dúdú sí láàárín, tí a lẹ̀ mọ́ pákó níwájú òkìtì iyanrìn. Ní báyìí tí mo ti fẹ̀yìn tì sí Ìwó, àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ máa ń yà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n á ní, "Àlàájì, iṣẹ́ wo lẹ ṣe jẹun ní Sáúdì?" Bí mo bá dáhùn pé mo ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń lo ìbọn ìléwọ́, wọ́n á sún àga mọ́ mi. Wọ́n rò pé ìtàn ogun ń bọ̀. Kò sí ogun níbẹ̀. Ìtàn ìka ọwọ́ ni, àti ti ẹsẹ̀ ìyá ìyàwó mi.

Gúléèlì ni wọ́n bí mi sí, àdúgbò tí àwa adúláwọ̀ pọ̀ sí ní Jẹ́dà. Bàbá mi wá ṣe Hájì láti Ìwó, kò padà mọ́, ó sì gba ìwé ọmọ onílẹ̀ nígbà tó ṣì rọrùn díẹ̀ láti gbà. Yorùbá là ń sọ nínú ilé. Bí a bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà, ó di Lárúbáwá. Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ti pápákọ̀ òfuurufú, ní apá ibi tí àwọn èrò Hájì ń sọ̀ sí. Mo ń gbé ẹrù, mo ń fi ọ̀nà bọ́ọ̀sì Mẹ́kà han àwọn Àlàájì àti Àlàájà. Iṣẹ́ ìgbà kan lọ́dún ni. Nígbà tí ogun Kuwait parí, oníṣòwò kan tó ní pápá ìyìnbọn lẹ́yìn ìlú, níbi tí ilé ti tán tí òkúta bẹ̀rẹ̀, ń wá ẹni tí kì í kánjú. Wọ́n júwe mi fún un. Owó oṣù rẹ̀ kò sọ mí di olówó, kò sì jẹ́ kí ebi pa ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni àti àwọn oníṣòwò tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ ìbọn ló ń wá sí pápá náà. Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn ni Múálímù Sálímù. Múálímù ni wọ́n ń pe ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ní Jẹ́dà. Ará Yemen ni, ọkùnrin kúkúrú tí pákò kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá yọ pákò yẹn lẹ́nu, gbogbo wa mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣe àṣìṣe.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó mú ìbọn kan jáde nínú àpótí, ó nà án sí mi. Ó ní, "Fáádì." Ó ṣófo ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo sì tẹ orúnkún díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ó yọ pákò.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ẹ ní ó ṣófo, Múálímù."

"Ohun tí o mọ̀ ni mo bi ọ́. Ohun tí mo sọ, èmi náà gbọ́ ọ."

Ó gba ìbọn náà, ó fa orí rẹ̀ sẹ́yìn, ọta kan bọ́ sórí tábìlì. Òkú ọta ni, irú èyí tí wọ́n ti tú ẹ̀tù inú rẹ̀ dànù, tí kò lè pa eṣinṣin. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ nígbà yẹn. Mo fò sẹ́yìn. Ó ní kí n máa lọ sílé, kí n padà wá nígbà tí mo bá ní ojú.

Mo padà lọ́jọ́ kejì. Ó tún na ìbọn sí mi, ó tún ní, "Fáádì." Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, ṣùgbọ́n ara mi kọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé Yorùbá á yé e. Bí àgbà bá ní òun ti ti ilẹ̀kùn, o kì í dìde lójú rẹ̀ lọ mì í wò. Mo dúró, ìbọn wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tó yá, mo ní, "Ẹ má bínú, Múálímù. Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Èmi kò bínú. Takúrúnì, ẹ̀yin náà lẹ máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ irin." Takúrúnì ni wọ́n ń pe àwa ọmọ adúláwọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ń fi bú wa, àwọn mìíràn ń fi pè wá lásán. Tirẹ̀ wà láàárín méjèèjì. Ṣùgbọ́n pákò ti padà sẹ́nu rẹ̀, mo sì mọ̀ pé mo ti wọlé.

Ó pẹ́ gan-an kó tó fún mi ní ọta gidi. Ìbọn òfìfo ni mo ń dì mú láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ó máa ń fi owó ẹyọ kan lé orí ìbọn náà ní iwájú, á ní kí n fa tíríígà títí irin inú rẹ̀ yóò fi ta, kí owó ẹyọ má sì bọ́. Bí mo bá já tíríígà gbà, owó á ṣubú. Bí mo bá fún ìdí ìbọn mọ́ra jù, ọwọ́ mi á gbọ̀n, owó á ṣubú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nínú ilé ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Owó ẹyọ Múálímù ló jẹ́ kí n mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ọta gidi dé, ó ní kí n má wo bébà. "Bébà ò ní sá lọ. Àmì iwájú orí ìbọn ni kí o wò, kí ó mọ́ lójú rẹ bí abẹ́rẹ́. Bí bébà bá ṣú, jẹ́ kó ṣú." Ó tún ní, "Má dúró de ariwo. Máa fà á díẹ̀díẹ̀, kí ariwo bá ọ lójijì. Ẹni tó ń retí ariwo ló ń sá fún un." Mo ti sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́yìn rẹ̀. N kò fi nǹkan kan kún un.

Bí a ṣe ń yẹ ìbọn wò nìyí, ó sì ní ètò tí a kì í yí padà. Kọ ẹnu rẹ̀ sí iyanrìn. Yọ ilé ọta rẹ̀, ìyẹn irin gígùn tí ọta ń tò sí. Lẹ́yìn náà ni kí o tó fa orí ìbọn sẹ́yìn, kí o wo ọ̀fun rẹ̀, kí o sì ti ìka tó kéré jù bọ ibẹ̀, nítorí ojú máa ń rí ohun tó bá fẹ́ rí. Bí o bá fa orí rẹ̀ kí o tó yọ ilé ọta, o ti bu òkèlè mìíràn sí i lẹ́nu nìyẹn. Bí ìwọ bá yẹ̀ ẹ́ tán, ẹni tí o bá gbé e fún á tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bó jẹ́ ọ̀gá, bó jẹ́ bàbá.

Irinṣẹ́ wa yí padà láàárín àwọn ọdún yẹn. Nígbà tí mo débẹ̀, ìbọn tí ikùn rẹ̀ ń yí ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ń lò. O bá ṣí ikùn náà, gbogbo ọta á wà lójú bí ẹyin nínú ìtẹ́. O bá dà á sí àtẹ́lẹwọ́, ó tán. Nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ pa wọ́n tì, wọ́n ra irú tuntun tí ilé ọta rẹ̀ ń wọ inú ìdí tí a fi ń dì í mú. Ó fẹ́lẹ́, ó yára, ó gba ọta ju ti ìṣáájú lọ. Ṣùgbọ́n o lè yọ ilé ọta rẹ̀ kúrò, kí ọ̀kan ṣì wà ní ọ̀fun rẹ̀, kò sì ní hàn síta. Múálímù kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní, "Ti àtijọ́ gọ̀, ṣùgbọ́n kì í purọ́. Tuntun yìí gbọ́n, ó sì ń purọ́."

Àwọn àgbà ẹ̀ṣọ́ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lo ti àtijọ́ ló ni wá lára jù. Bí wọ́n bá ti yọ ilé ọta, lójú tiwọn, wọ́n ti da ẹyin kúrò nínú ìtẹ́.

Ibi tí mo ti ya iṣẹ́ náà sí ọ̀nà tèmi ni ti àwọn ará ilé. Múálímù máa ń sọ pé ilé tí ìbọn wà, tó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n lò, ilé afọ́jú ni. Ó fẹ́ kí ìyàwó àti ọmọ àwọn oníwèé àṣẹ mọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ìbọn ṣófo, kí wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kì í fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ àwọn obìnrin? Kì í ṣe èmi, kì í ṣe òun. Ní ìlú yẹn, ọkùnrin àjèjì kì í bá wọn jókòó. Mo ní, "Ìyàwó mi wà." Ó ní kí n kọ́ ọ kí òun rí i.

Sàráátù ni orúkọ ìyàwó mi. Mo kọ́ ọ ní pápá, òwúrọ̀ ọjọ́ tí kò sí èrò. Kò fẹ́ yìn ín rí, kò sì yìn ín. Ìyẹ̀wò nìkan ló kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣọ́ lọ. Yàrá kékeré kan tó ní aṣọ títa lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n fún un, ibẹ̀ ló ti ń gba àwọn ìyá àti ọmọbìnrin. Mo bi í lọ́jọ́ kan bí ó ṣe ń kọ́ wọn. Ó ní, "Mo máa ń sọ fún wọn pé, ẹ̀yin kì í gba ẹnu ọkọ yín gbọ́ bó bá ní òun ti pa gáàsì. Ẹ ó dìde lọ wò ó. Ẹ ṣe ìbọn náà bẹ́ẹ̀." Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Músínátù, ọmọbìnrin wa, sọ ọ́ di eré. Ìyá Sàráátù, Àlàájà Àwáwù, ń gbé ní Ṣúbéíkà ní Mẹ́kà, nítòsí Mọ́sálásí Haramu, níbi tó ti ń gba àwọn èrò Hájì sílé tó sì ń dáná fún wọn. Bí a bá lọ kí i, tí ìyá bá ní, "Músínà, ṣé omi wà nínú kẹ́tùlù?" ọmọ náà á ṣí i, á wò ó, á ti ìka bọ̀ ọ́, á ní, "Fáádì."

"Kí ni fáádì? Ṣé èmi ló ń bú?"

"Ó ní ó ṣófo, Màámi," Sàráátù á ní.

"Kó fi Yorùbá sọ ọ́. Èmi kì í ṣe ọlọ́pàá Lárúbáwá. N kò fẹ́ fáádì nínú ilé mi."

Àlàájà Àwáwù ní ọmọkùnrin kan lẹ́yìn Sàráátù, Yàyá. Ẹ̀ṣọ́ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ, ó sì mọṣẹ́. Ẹni tó máa ń bá ṣiṣẹ́ ni Àlàájì Búsàrí, àgbà ẹ̀ṣọ́ tó jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Àwọn méjèèjì máa ń sin mọ́tò oníṣòwò kan láti Jẹ́dà lọ sí Mẹ́kà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọ̀nà yẹn ní àṣà kan. Bí wọ́n bá dé ibi àmì tí ilẹ̀ Haramu ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á yọ ilé ọta kúrò nínú ìbọn, wọ́n á fi sínú àpótí mọ́tò, nítorí wọn kò fẹ́ gbé ohun tó lè pani wọ ilẹ̀ ọ̀wọ̀. Wọ́n á ní, "Ìbọn ti wọ ìhírámù." Ẹni tó bá wọ aṣọ funfun ìhírámù kì í pa nǹkan kan, títí kan tata. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu. Ohun tó sì ṣe jàǹbá nìyẹn.

Lẹ́yìn Hájì ọdún kan, tí àwọn èrò ń padà sílé, ìbọn dún nínú yàrá Àlàájà Àwáwù lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ilé iṣẹ́ wọn ní kí pápá wádìí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Èmi ni Múálímù rán. Mo bi olúkúlùkù ní ohun tó fojú ara rẹ̀ rí.

Àlàájì Búsàrí ní, "A dé Ṣúbéíkà. Èmi fẹ́ bá mọ́tò padà sí Jẹ́dà, Yàyá ló yẹ kó dá ìbọn padà sí ọ́fíìsì wa ní Mẹ́kà. Mo ti yọ ilé ọta rẹ̀ lọ́nà. Mo gbé e fún un, mo ní ó ti wọ ìhírámù. Ọlọ́run mọ̀ pé ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ."

Yàyá ní, "Bùrọ̀dá, ọwọ́ méjèèjì ni bàbá fi gbé e fún mi. Ṣé kí n wá máa yẹ ọwọ́ wọn wò lójú pópó ni? Bó bá jẹ́ ní pápá ni, màá yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ará pápá, bàbá ni wọ́n. Mo dé ọ́fíìsì, wọ́n ti tì í lọ kírun. Mo ní kí n yà sọ́dọ̀ Màámi. Eruku ọ̀nà wà lára ìbọn, mo fẹ́ tú u kí n nù ún."

Irú ìbọn yẹn, ẹni tó bá fẹ́ tú u gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa tíríígà rẹ̀. Yàyá kọ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ. Ọta kan ṣì wà ní ọ̀fun rẹ̀, orí ilẹ̀ náà sì ni ìyá rẹ̀ jókòó sí.

Àlàájà Kúdí, aládùúgbò wọn, ní, "Mo rò pé gáàsì ló bú. Mo sáré wọlé, mo bá Yàyá lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kó ìrẹsì jọ. Ìrẹsì ló ń kó, ẹ gbà mí gbọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń sọ fún un pé kó fi ìrẹsì sílẹ̀ kó pe mọ́tò."

Àlàájà Àwáwù fúnra rẹ̀, lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ní, "Mo na ẹsẹ̀ sórí ẹní, mo ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Àwo ló kọ́kọ́ fò. Mo rí ìrẹsì lókè bí òjò. N kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ni, àfi ìgbà tí funfun rẹ̀ di pupa."

Ìka ẹsẹ̀ méjì lọ. Ọ̀pá ló fi ń rìn láti ọjọ́ náà.

Àwọn ọlọ́pàá rí i pé àṣìṣe ni, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́yìn àlàyé púpọ̀. Àlàájì Búsàrí fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ gba ìbọn lọ́wọ́ Yàyá, wọ́n ní bí Múálímù bá jẹ́rìí pé ó yege kí Hájì ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, yóò padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀. Yàyá kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Ìyá rẹ̀ sì ti sọ tirẹ̀, láìjanu: "N kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá tún fọwọ́ kan nǹkan yẹn, má wọ ilé mi mọ́."

Ìyẹn ni pé bí ó bá gba iṣẹ́, ó pàdánù ìyá. Kò sì ní ìyá méjì.

Ó wá sí pápá. Ó ní òun á kọ́kọ́ tún ọwọ́ òun ṣe, òun á sì fi ti ìyá lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọwọ́ náà ti bàjẹ́ lóòótọ́. Mo po òkú ọta mọ́ ọta gidi nínú ilé ọta rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ èyí tó kàn. Bí ó bá kan òkú ọta, ìbọn ò dún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ á tẹ̀ sílẹ̀ bí adìyẹ tó fẹ́ ṣa àgbàdo. Ẹ̀rù ló ń ti ọwọ́ rẹ̀ ṣáájú ariwo.

Mo ní, "Kí lò ń gbọ́?"

"Ìrẹsì ni, Bùrọ̀dá. Kí ìbọn tó dún ni mo ti ń gbọ́ ìrẹsì tó ń dà sílẹ̀."

Mo ní, "Jẹ́ kó dà. Ìwọ ṣáà wo àmì iwájú." A padà sí ìbọn òfìfo àti owó ẹyọ, bí ẹni pé kò kọ́ṣẹ́ rí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní, "Yàyá, ṣé owó yẹn lo fẹ́ fi san owó orí ìyàwó ni?" Ó tún gbé owó ẹyọ lé orí ìbọn. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Nígbà tí òtútù dé, òkú ọta á dé ọ̀fun, ìbọn á dákẹ́, ẹnu rẹ̀ kò ní mì. Ihò ọta rẹ̀ lórí bébà ń súnra mọ́ra, àtẹ́lẹwọ́ lè bo gbogbo rẹ̀.

Mo mú bébà náà lọ bá Múálímù. Ó wò ó, ó ní ó dára. Ó ní, "N kò ní jẹ́rìí."

Mo bi í pé kí ló kù.

"Ọwọ́ rẹ̀ ti sàn. Ṣé ọwọ́ ló fi ṣe àṣìṣe? Ìtìjú ló fi ṣe é. Bébà kì í ti èèyàn lójú. Èmi sì kọ́ ni ọta bà. Ẹ pe ẹni tí ọta bà wá. Bí òun bá gbà, èmi gbà."

Mo sọ ọ́ fún Sàráátù. Ó ní, "Ẹ fún mi ní òkú ọta kan." Ó mú un lọ sí Ṣúbéíkà, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀.

"Ohun kékeré yìí?" ìyá ní.

"Irú rẹ̀ ni, Màámi. Èyí ò lè ṣe nǹkan kan mọ́."

Ìyá kò dá a padà. Ó fi sí ẹ̀gbẹ́ tẹ̀sùbáà rẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tí Sàráátù tún lọ, ìbéèrè kan ló bá pàdé: "Níbo ló ń sá pamọ́ sí tí Búsàrí kò fi rí i? Búsàrí kì í ṣe òpùrọ́." Sàráátù gbé fíláàsì tíì wá, ó yọ ìdérí rẹ̀. "Màámi, mo ti yọ ìdérí. Ṣé tíì inú rẹ̀ ti lọ nìyẹn?" Ìyá wo fíláàsì náà. Ó ní kó tún ṣe é, kó sì kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń yẹ ìbọn wò.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka èyí ń retí kí n sọ bóyá kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìbọn tàbí kí wọ́n má kọ́ ọ. Bí o bá fẹ́ ariwo àti orúkọ, lọ síbòmíràn. Ẹni tó bá lè ṣe ohun kan náà lọ́nà kan náà lójoojúmọ́, tí kò sì ní tijú láti yẹ ọ̀rọ̀ ẹni tó jù ú lọ wò, á ṣe é re, ìbáà jẹ́ ìbọn, ìbáà jẹ́ iná mànàmáná, ìbáà jẹ́ oògùn ilé ìwòsàn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ kù díẹ̀.

Òwúrọ̀ kan kí èrò Hájì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, Àlàájà Àwáwù sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní pápá, ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, Músínátù lọ́wọ́ òsì. A gbé àga fún un lábẹ́ òrùlé. Múálímù kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àlàájì Búsàrí náà wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá Múálímù pé, "Bí wọ́n bá fẹ́ dán ọmọ yẹn wò, kì í ṣe ọwọ́ ẹlòmíràn ni kí ìbọn ti kọjá. Ọwọ́ mi ni." Ó kúnlẹ̀ kí Àlàájà. Àlàájà ní, "Dìde, Búsàrí. Ilẹ̀ ti gbóná."

Múálímù yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó kẹ̀yìn sí Yàyá, ó ṣe ohun tó ṣe sí ìbọn náà. Ó gbé e fún Àlàájì Búsàrí. Àlàájì Búsàrí fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó rìn lọ bá Yàyá, ó nà án sí i.

"Yàyá, ó ti wọ ìhírámù."

Yàyá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó tẹrí ba. Ó wà bẹ́ẹ̀. Mo rí ọrùn rẹ̀ tó ń làágùn. Múálímù yọ pákò lẹ́nu.

Yàyá kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, ẹnu ìbọn kọ sí òkìtì. "Ẹ má bínú, bàbá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó yọ ilé ọta. Ó fa orí ìbọn sẹ́yìn. Òkú ọta kan fò jáde, ó bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ Àlàájì Búsàrí. Yàyá wo ọ̀fun ìbọn, ó ti ìka rẹ̀ tó kéré jù bọ̀ ọ́.

Àlàájì Búsàrí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú òkú ọta náà nílẹ̀. Ó ní, "Ká ní o ṣe báyìí lọ́jọ́ yẹn, inú ì bá bí mi sí ọ. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ì bá sì pé."

Múálímù ti dá pákò padà sẹ́nu. Ó wo Àlàájà. Gbogbo wa wò ó.

Àlàájà Àwáwù gbé ọ̀pá rẹ̀ fún Músínátù. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí Yàyá. Yàyá rò pé ó fẹ́ súre fún òun, ó sún mọ́ ọn. Ìyá ní ìbọn ni òun ń bèèrè. Yàyá wò mí, mo mi orí, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́, ṣíṣí bó ṣe wà.

"Ó ti ṣófo, Màámi," ó ní. "Mo ti yẹ̀ ẹ́."

"Mo gbọ́. Má bínú, ọmọ mi, jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó yí ẹnu rẹ̀ sí òkìtì iyanrìn bí Sàráátù ṣe kọ́ ọ. Ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó ti ìka rẹ̀ bọ ọ̀fun rẹ̀, ó yí i níbẹ̀ bí ẹni tó ń nu ìsàlẹ̀ ife, ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dá a padà fún ọmọ rẹ̀.

"Fáádì," ó ní.